Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbọ́?

Ọjọ́ kejì tí mo délé fún Kérésìmesì tó kọjá, mo lọ ra àkàrà lọ́wọ́ màmá kan ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn. Mo na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí wọn, wọ́n ní àwọn ò ní ṣéńjì. Wọ́n fi ṣíbí gígùn tí wọ́n fi ń yí àkàrà nínú epo tọ́ka sí páálí kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ agboòrùn wọn. Orúkọ wọn àti nọ́ńbà àkáǹtì ló wà lára rẹ̀, gàdàgbà. Epo ti ta sí i lára tó bẹ́ẹ̀ tí 3 àti 8 fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra.

"Ẹ ṣe tiransífà, kọ́sítọ́mà mi. Mẹ́ta ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn o, kì í ṣe mẹ́jọ."

Mo tẹ fóònù mi. Kí wọ́n tó di àkàrà náà sínú bébà tán, fóònù tó wà lábẹ́ ìró wọn ti dún. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e jìnnà sójú díẹ̀ kí wọ́n lè rí i kà, wọ́n ní, "Àlẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Ẹ ó rí owó ná o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mo ti padà sí Leipzig, ní ìlà oòrùn Jámánì, níbi tí mo ti ń gbé láti ọdún 2016. Mo wọ ilé búrẹ́dì tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa, mo yọ fóònù, ẹni tó ń tajà sì fi ìka kan bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì: káàṣì nìkan. Mo ní láti jáde sínú òtútù lọ wá ẹ̀rọ tó ń pọ owó. Àwọn ará ilé kì í gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ọ́, wọ́n rò pé ohun gbogbo ti di títẹ̀ lókè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì àpapọ̀ Jámánì ṣèwádìí rẹ̀ ní ọdún 2023, nínú ìgbà 100 tí àwọn èèyàn sanwó ọjà, ìgbà 51 ni wọ́n fi káàṣì san án.

Àwa náà kò kúkú fi ìfẹ́ fóònù débi tí a dé. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1000, tí èyí tuntun ò sì kárí, ìyá mi jókòó ti èlùbọ́ wọn ní Ọjà Ọba títí kòkòrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Oníbàárà ń bọ̀, owó wà ní báńkì, kò sí bébà owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi tí wọ́n ti máa ń sọ pé àwọn ò ní fi owó tí àwọn làágùn sí pa mọ́ sínú nǹkan tí ọmọdé lè jí lápò, àwọn náà ní kí àbúrò mi wá kọ́ àwọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ìyà bá kọ́ni nǹkan, a kì í gbàgbé rẹ̀. Káàṣì padà dé, ṣùgbọ́n ọjà Ìbàdàn ò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí etí ń gbọ́ tún yàtọ̀. Bí mo bá wọ Micra láti Mọ́lété lọ sí Dùgbẹ̀, a ó jẹ́ márùn-ún nínú ọkọ̀, fóònù mẹ́rin á sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: oníwàásù níwájú, fídíò aláwàdà lẹ́yìn, ẹnìkan ń gbọ́ fọ́ìsì nóòtì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí owó ilé, rédíò dírẹ́bà sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Nínú tírámù Leipzig, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín ìgboro, ọgọ́ta èèyàn lè wà níbẹ̀ kí o má gbọ́ ju ìró irin lọ. Gbogbo wọn ló ń wo fóònù, íápíìsì sì wà létí wọn.

Ó pẹ́ tí mo ti ń bínú sí ariwo wa, títí mo fi rántí ohun tí bàbá mi máa ń sọ nípa asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ní Kúdẹ̀tì, ilé kan péré ló ní àpótí náà nítòsí wọn, wáyà ló sì ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀. Àwọn ará agboolé á gbé àpótí ìjókòó jáde, wọ́n á jọ gbọ́ ìròyìn, wọ́n á jọ jiyàn lórí rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ojú fèrèsé olówó ni àwọn ọmọdé ti ń wò ó. Ní ìlú wa, ohùn tó ti inú ẹ̀rọ jáde kì í ṣe ti ẹnìkan rí. Ẹni tó tan fóònù sókè nínú Micra kò rò pé òun ń ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá lójú rẹ̀ ló ń ṣe: ó ní kí gbogbo wa wá gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe fọ́tò. Ìkómọ, ìdánwò tí ọmọ yege, ẹni tó dùbúlẹ̀ sí ọsibítù pẹ̀lú omi ní ọwọ́, gbogbo rẹ̀ là ń gbé sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, kí ẹbí lè rí i, kí wọ́n lè bá wa dúpẹ́ tàbí kí wọ́n bá wa gbàdúrà. Ní Leipzig, nígbà tí ọmọ mi wọ jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n fún mi ní bébà kan tó kún fún ìbéèrè. Ṣé a lè ya ọmọ yín? Ṣé a lè lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ara ògiri? Ṣé àwọn òbí yòókù lè ní in lọ́wọ́? Ṣé a lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fọwọ́ sí. Inú mi kò dùn sí i. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ògiri yí ọmọ mi ká.

Màmá tó ń gbé lókè wa ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Wọ́n ti lé ní ọdún àádọ́rin, Leipzig ni wọ́n bí wọn sí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ya fọ́tò ọmọ mi lórí àtẹ̀gùn, tí ilẹ̀kùn wọn fẹ́ hàn nínú rẹ̀, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ yí i síbòmíràn. Wọ́n wá pè mí wọlé, wọ́n fún mi ní kọfí. Wọ́n ní nígbà ìjọba ìlà oòrùn Jámánì àtijọ́, àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Stasi ní fáìlì lórí wọn. Láti 1992 ni wọ́n ti gba aráàlú láyè láti ka fáìlì tirẹ̀, màmá náà sì lọ ka tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kíṣìnì tiwọn ló wà níbẹ̀, àti orúkọ ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Ẹni tó jẹun náà ló lọ sọ ọ́.

Mo ti ń gba iwájú ọ́fíìsì Stasi náà kọjá láìmọ̀: ilé ńlá kan ní àárín ìgboro tí wọ́n ń pè ní Runde Ecke. Àwọn aráàlú gba ilé náà ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1989, ó sì ti di mùsíọ́mù báyìí. Bí a bá to gbogbo fáìlì Stasi tó ṣẹ́ kù ní Jámánì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 111. Díẹ̀ ló fi dín sí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ó yé mi ìdí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Google fẹ́ gbé fọ́tò òpópónà Jámánì jáde ní 2010, nǹkan bí ìdílé 244,000 ló kọ̀wé pé kí wọ́n bo ilé àwọn. Ohun tí wọ́n ti fojú rí ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ́.

Mo sọ gbogbo ìyẹn kí n lè sọ èyí.

Bàbá mi kú ní oṣù Kejì ọdún 2022. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, a ń to ẹrù, wọn kì í sì í jẹ́ ká mú fóònù wọlé. Inú àpótí onírin ni a ń tì í mọ́. Mo jáde ní nǹkan bí aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ìdájí. Lásìkò òtútù, aago Jámánì àti ti Nàìjíríà bára mu, nítorí náà mo mọ̀ pé ìyá mi ti máa jí. Mo jókòó nínú tírámù, mo ní kí n wo sítátọ́ọ̀sì àwọn ará ilé ná kí n tó pè wọ́n. Ti ọmọ àbúrò bàbá mi kan ló wà lókè. Mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ni mo rí, nínú agbádá òfì tí wọ́n wọ̀ síbi ìgbéyàwó mi, àbẹ́là mẹ́ta ń jó lábẹ́ fọ́tò náà. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé, "Sùn re o, Bàbá wa." Ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan, fọ́tò náà lọ, òmíràn sì wọlé: ẹnì kan ń polówó bàtà.

Èmi ni àrẹ̀mọ ọkùnrin. Bí Yorùbá ṣe ń ṣe é ni pé wọn kì í ju ikú bàbá lu ọmọ. Wọ́n ń túfọ̀ ni. Àgbà ni wọ́n ń rán. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ara Bàbá ò yá, máa bọ̀ nílé. Bí ó bá délé, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á ní kó jókòó, ẹnìkan á ti dúró sẹ́yìn rẹ̀ láti gbá a mú. Ọ̀rọ̀ náà á máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n kí ẹnu tó sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti ń ṣe ètò rẹ̀. Láti aago mẹ́ta òru ni wọ́n ti pe bàbá àgbàlagbà kan, ará Òkè-Àdó, tó ń gbé ní Halle, ìlú kan nítòsí Leipzig. Bàbá náà wọ ọkọ̀ ojú irin. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n mú búrẹ́dì àti ìgò mọ́ọ̀tì méjì dání nínú ọ̀rá.

"Àkànní, jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mi ò tíì jẹun. Wọ́n já búrẹ́dì, wọ́n gbé e síwájú mi. Wọ́n béèrè ìgbà tí mo bá ilé sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n bi mí ní ọjọ́ orí Bàbá. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ ṣe ọmọ wọn. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ọmọ, wọ́n rí ọmọ-ọmọ." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n wá jókòó tì ọ́." Wọ́n tún dákẹ́. "Bàbá ti lọ sinmi, Àkànní."

Mi ò sọ fún wọn pé mo ti mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti rí fọ́tò yẹn nínú tírámù, ojú mi gbẹ, àyà mi le bí òkúta. Ìgbà tí bàbá yìí pe orúkọ mi ni omijé tó wá.

Mi ò lè dá ọmọbìnrin tó gbé fọ́tò náà síta lẹ́bi. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ń sunkún: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú, mo rò pé wọ́n ti sọ fún yín." Ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú, ibi tí ó sì mọ̀ pé àwọn èèyàn wà ló gbé e lọ. Sítátọ́ọ̀sì kan náà yẹn ló mú kí ilé wa ní Kúdẹ̀tì kún kí ó tó di aago méje. Wọ́n gbé ìjókòó wá, wọ́n gbé ìkòkò wá. Àwọn tí wọ́n bá bàbá mi ṣiṣẹ́ rí rán owó láti ibi tí wọ́n wà. Ìyá mi ò dá wà fún ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn ọdún kan, ọkọ màmá tó ń gbé lókè wa kú. Ẹ wo bí mo ṣe gbọ́ ọ: káàdì kékeré kan tí etí rẹ̀ dúdú, nínú àpótí lẹ́tà mi. Déètì ikú tó wà lára rẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn, tí mò ń kí wọn kú àárọ̀, tí wọ́n sì ń dá mi lóhùn bí ti àtẹ̀yìnwá, opó ni wọ́n. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo se ọbẹ̀, mo gbé e gòkè. Wọ́n dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ní kí n wọlé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé ibo ló dáa jù nínú ìlú méjèèjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí ọ̀kan mú. Ìbàdàn ń yára, Leipzig ń bo nǹkan mọ́ra. Ohun tí mo fẹ́ ni ìtò tí àwọn baba wa ní: kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù kọ́kọ́ gbọ́, láti ẹnu èèyàn, kí ìlú tó gbọ́. Nàìjíríà ti ṣe òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ní oṣù Kẹfà 2023, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò lè bá agboolé kan túfọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹbí wa lẹ́yìn ìsìnkú pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ikú síta títí àwọn á fi sọ pé ó tó. Àwọn ọ̀dọ́ kùn díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún tó kọjá, àbúrò ìyá mi kú ní òru. Gbogbo sítátọ́ọ̀sì dákẹ́. Mo wà ní ibùdókọ̀ tírámù ní ìdájí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè.

"Níbo lo wà?"

Mo ní mò ń dúró de ọkọ̀.

"Ṣé ìjókòó wà níbẹ̀? Jókòó ná."

Mo gbá yìnyín kúrò lórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó.