Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń dí ọ̀fun lẹ́yìn ìtànṣán: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹni tó bá ti gba ìtànṣán (radiotherapy) nítorí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun mọ ohun tí mò ń wí: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń fà bí ewédú, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀fun, tí a wúkọ́ títí tí kò já, tí a gbé e mì tí kò lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe pé ó pọ̀ jù. Omi inú rẹ̀ ló tán. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ń ṣe itọ́ tó ìdajì lítà sí lítà kan àbọ̀ lójúmọ́. Èyí tó ń ṣàn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, iwájú etí ló ti ń wá jù. Èyí tó ki ń ti abẹ́ ahọ́n àti abẹ́ àgbọ̀n wá, àti láti ara awọ inú ẹnu fúnra rẹ̀. Ìtànṣán máa ń tètè ba èyí tó ń ṣàn jẹ́. Èyí tó ki ló ń ṣẹ́kù.

Nítorí náà, ẹ má ṣe wá ohun tí yóò gbẹ ẹ́. Ohun tí yóò bomi là á ni kí ẹ wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò, wọ́n á ní kátá ń dà wọ́n láàmú, wọ́n á sì gba Piriton tàbí oògùn kátá mìíràn. Oògùn kátá ń gbẹ imú àti ẹnu, ìyẹn sì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á ti le dé ibi pé kò ní ṣeé tu. Bákan náà ni oògùn tó ń dá ikọ́ dúró: ikọ́ yẹn ni ara fi ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Bí dókítà bá ti fún yín ní amitriptyline fún ìrora, òun náà ń gbẹ ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún un, kó yí i padà bó bá ṣeé yí.

Ìtọ́jú náà sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 7, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ó sì máa ń burú jù lọ nígbà tí ìtọ́jú bá ń parí lọ, títí dé bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Fún àwa tí à ń ti UCH Ìbàdàn padà wá sí Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ìyẹn ni pé ìgbà tí a ti délé, tí nọ́ọ̀sì kò sí nítòsí mọ́, ni yóò le jù. Kí ẹ tó kúrò lọ́hùn-ún ni kí ẹ ti ra gbogbo ohun tí ẹ óò lò. Ọ̀pọ̀ ń rí ìrọ̀rùn láàárín oṣù mélòó kan. Ẹnu gbígbẹ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ ọdún.

Omi ìyọnu, ìyẹn omi tí a fi ń yọ ẹnu àti ọ̀fun, ni òpómúléró. Píọ́ wọ́tà 50cl méjì ni lítà kan. Ẹ sè é, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ sí i àti ṣíbí tíì kan baking soda, kí orí ṣíbí méjèèjì tẹ́jú, kó má ṣe òkìtì. Ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Ẹ bu ẹnu kan, ẹ kọ́kọ́ yí i kiri ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ẹ gbé orí sẹ́yìn díẹ̀ kó hó lọ́nà ọ̀fun, kí ẹ sì tu ú dànù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ohun tí ẹ ń tu kò fi ní fà mọ́. Ní wákàtí méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta lójú ọ̀sán ni, àti nígbàkígbà tí ẹ bá jí lóru. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni ti kí ẹ tó jẹun, torí òun ló ń la ọ̀nà fún oúnjẹ. Ẹni tó bá jẹun lórí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èébì ló máa ń gbé e. Ẹni tó ń kírun lè so ó mọ́ àlùwàlá: kó fi omi yìí yọ ẹnu kó tó ṣe àlùwàlá, ìgbà márùn-ún ti dájú nìyẹn.

Ohun tó ń bà á jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́pọ̀. Baking powder kì í ṣe baking soda; ásíìdì wà nínú rẹ̀, ẹ ka ara páálí dáadáa. Kán-ún kò lè dípò rẹ̀: ó le jù, a kò mọ ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀, awọ ọ̀fun tó ti bó kò sì lè gbà á. Bí iyọ̀ bá ń ta yín, ẹ dín in kù sí ìdajì, tàbí kí ẹ fi baking soda nìkan ṣe é. Ẹ má gbé e mì, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ da ti àná nù, kí ẹ po tuntun. Omi ìfọnu tó ní ọtí nínú, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Omi mímu: píọ́ wọ́tà 4 sí 5 lójúmọ́, àfi ẹni tí dókítà ti díwọ̀n omi fún nítorí kíndìnrín tàbí ọkàn. Ẹ má mu ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá dára ju ife kún bámú lọ. Ẹni tó ń gba oúnjẹ láti ara rọ́bà inú ikùn, kó má rò pé omi inú oúnjẹ ti tó. Ẹ bi wọ́n ní ọsibítù nípa iye omi tí ẹ óò máa fi sírínjì tì wọlé. Mo sì fẹ́ sọ èyí láìfi bò nítorí ìlú wa: bí Ràmàdáánì bá bá yín nínú àìsàn yìí, ẹ má gba ààwẹ̀. Al-Kùránì ti gba aláìsàn láàyè láti san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Mo mọ̀ pé ojú ń ti àwọn àgbà wa láti mu omi lójú ọ̀sán. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì gbé omi náà fún wọn.

Ọyẹ́ náà, ọ̀tá ńlá ni. Láti bí oṣù Kejìlá títí di Kejì, afẹ́fẹ́ Ìlọrin a máa gbẹ débi pé ètè ẹni tí ara rẹ̀ dá pàápàá ń là. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fọ́n ìkùukùu omi sínú yàrá, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ máa fọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí kòkòrò ń bí sínú omi tó bá dúró. Bí kò bá sí, ẹ fi aṣọ ìnura tútù kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹ má kọ fáànù sí ojú aláìsàn. Oru omi gbígbóná náà ń ràn án lọ́wọ́: ẹ da omi gbígbóná sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ ilé ìwẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ jókòó jìnnà sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fi aṣọ bo orí lé e, ẹ má sì fi Robb sí i. Awọ ojú àti ọrùn tó ti gba ìtànṣán kò lè fara da ooru àti ohun tó ń ta.

Lẹ́yìn oru yẹn ni kí ẹ wúkọ́, torí ó ti rọ̀. Ẹ má fi agbára wú u. Ẹ fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ dá a dúró kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, lẹ́yìn náà ẹ ya ẹnu, ẹ fi ikùn ti èémí jáde lẹ́ẹ̀méjì: "hàà, hàà". Nígbà tó bá dé òkè ni kí ẹ tó wúkọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ tu ú. Ikọ́ àwúwútán ń dá ọ̀fun légbò.

Lóru, ẹ gbé orí ibùsùn fúnra rẹ̀ sókè tàbí kí ẹ to ìrọ̀rí láti ẹ̀yìn dé orí. Ìrọ̀rí kan lábẹ́ ọrùn nìkan ń ká ọ̀fun pọ̀. Kí oúnjẹ ìkẹyìn jẹ́ wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó sùn.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n á ní kí ẹ má jẹ ewédú, wọ́n á ní ó ń di kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ikùn ni ewédú ń lọ, yíyọ̀ tó ń yọ̀ lọ́fun sì ń ran òkèlè lọ́wọ́. Ọbẹ̀ lúrú náà bẹ́ẹ̀, bí wọn kò bá fi ata sí i. Mílíìkì kì í dá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó kàn ń mú èyí tó wà nílẹ̀ dà bí ẹni pé ó ki sí i. Ẹni tó ń rù kò gbọdọ̀ sá fún un: ẹ lú u mọ́ ẹ̀kọ mímu, kí ẹ sì yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ń jó egbò ẹnu. Obì, kọfí, sìgá àti ọtí ń gbẹ ẹnu. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Oògùn tó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rọ̀ wà, bíi guaifenesin àti carbocisteine, dókítà ni kó kọ ọ́. Láìsí omi mímu, wọn kò ní ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa fa oògùn símú pẹ̀lú nebulizer (ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn olómi di ìkùukùu), omi iyọ̀ ọsibítù tó wà nínú ike tí a kò tíì ṣí ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí a pò nílé. Ẹ̀rọ tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wúlò fún ẹni tí kò lè tu ú rárá: 80 sí 120 mmHg ni agbára rẹ̀, kó má kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 lẹ́ẹ̀kan, ibi tí ojú yín bá sì rí dé ni kí ẹ ti ọ̀pá rẹ̀ dé. Ẹ ra èyí tó ní bátìrì tàbí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, nítorí iná.

Bí èémí bá ń dún fíì-fíì tàbí tó ń há, tí ẹ̀jẹ̀ tó ju ìlà tín-ínrín lọ bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí ara bá gbóná tó 38°C, tí omi bá ń gba ibòmíràn lọ nígbà gbogbo tí ẹ bá mu ún, tàbí tí omi kò wọlé fún odidi ọjọ́ kan, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ gba ọsibítù lọ. Ẹni tó ní rọ́bà lọ́rùn tó fi ń mí, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì dí i, ẹ kọ́kọ́ yọ rọ́bà kékeré tó wà nínú rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà; bí èémí kò bá là, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Funfun tó bo ahọ́n, tó sì ń ta, kòkòrò ẹnu ni, oògùn rẹ̀ wà, omi ìyọnu nìkan kò lè wò ó. Bí eyín bá ń dùn yín, bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ sọ fún dókítà eyín pé ẹ ti gba ìtànṣán kó tó fi ọwọ́ kan eyín kankan, torí egungun àgbọ̀n tó ti gba ìtànṣán lè má jinná bí wọ́n bá yọ eyín níbẹ̀.