Àpótí ẹṣin mi: bí Àjíkẹ́ ṣe rin ìrìn àjò láti Bídà dé Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Mo ti rí ọmọ ẹṣin tí mo ń wá. Abo ni, kò tíì ju ọmọ ọdún kan ààbọ̀ lọ, mo sì ti sọ ọ́ ní Àjíkẹ́ kí n tó san owó rẹ̀ tán. Bídà ló wà, èmi ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó bá mọ Ojúde Ọba, ayẹyẹ ìlú wa tí a ti ń gun ẹṣin, á rò pé nítorí ayẹyẹ tó ń bọ̀ ni mo ṣe rà á. Rárá o. Ẹṣin tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó kì í ṣe ohun tí à ń di gàárì fún. Kó ṣáà délé láàyè, kó sì délé láìfarapa, ni gbogbo làálàá tí mo fẹ́ ṣe yìí wà fún. Ọ̀nà náà lé ní 400 kìlómítà: Bídà sí Mokwa, afárá Jẹ́bà lórí Odò Ọya, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, kí a tó kọrí sílé.

Ọkọ̀ Kántà ẹ̀gbọ́n mi la ó lò. Màlúù lè dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ bó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹṣin á wà lóòró ni. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ búrékì tàbí tó yà fún kòtò, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò fi wá ìdúró. Iṣẹ́ ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, bó tilẹ̀ dà bíi pé ńṣe la gbé e.

Káfíńtà àdúgbò wa ti kan àpótí náà sẹ́yìn ọkọ̀, pákó àfàrà, fífẹ̀ rẹ̀ tó 80 sẹ̀ntímítà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gba gbogbo inú rẹ̀ kọjá kí n lè mọ̀ bóyá orí ìṣó kankan yọ. Mẹ́ta yọ. A ti gbá wọn wọlé. Rọ́bà la tẹ́ sílẹ̀, a sì da èérún pákó láti sọ́mìlì lé e lórí kó lè máa fa ìtọ̀ mu, kí pátákò má sì yọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Bàbá kan tó ti ń gun ẹṣin láti ìgbà èwe wọn wá wo iṣẹ́ wa. Wọ́n yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n na ọ̀pá wọn sí pákó tí a fi dá àyè ẹṣin sọ́tọ̀, wọ́n ní, “Níbo ni yóò ya ẹsẹ̀ sí?”

Òótọ́ ni. Pákó náà kanlẹ̀. Yíya ni ẹṣin ń ya ẹsẹ̀ kó tó lè dúró dáadáa bí ọkọ̀ bá fì. A gé 50 sẹ̀ntímítà kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. A tún kan àtẹ̀gùn gbọọrọ kan tó gùn ní mítà 3, nítorí ẹ̀yìn ọkọ̀ ga tó 90 sẹ̀ntímítà sílẹ̀, a sì kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí ibi tẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Ọ̀sẹ̀ tó dùn mí jù nìyí. Mo yá àgbà ẹṣin kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, a gbé e dé Abẹ́òkúta, a gbé e padà. Ọjọ́ kan gbáko ni, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe ni mo ṣe: mo so orí rẹ̀ mọ́ òkè, okùn kúkúrú, kó má baà yí padà tàbí kó bu ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń wúkọ́, ikun sì ń jáde nímú rẹ̀.

Dókítà ẹran wá. Wọ́n bi mí pé, “Báwo lẹ ṣe so ó?” Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wá ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gbé ẹṣin mọ̀. Ojoojúmọ́ ni ẹṣin ń jẹko, orí rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bẹ́ẹ̀ ni eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe ń ṣàn jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bí a bá so orí náà mọ́ òkè fún wákàtí gígùn, gbogbo ìdọ̀tí yẹn, pẹ̀lú kòkòrò àìsàn inú rẹ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà tó ń pa ẹṣin lẹ́yìn ìrìn àjò, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹṣin ọ̀rẹ́ mi gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ sì ti yá. Mo lọ bẹ olówó rẹ̀ nílé. Lẹ́yìn náà ni mo tú iwájú àpótí palẹ̀. Ibùjẹ tí a kàn sí gíga àyà ti kúrò. Okùn tuntun gùn débi tí orí lè rẹlẹ̀ ju èjìká lọ, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kò lè kọ́ ọ. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo sì so okùn náà mọ́, kò wọnú irin tààrà. Bí ẹ̀rù bá bà á tó fà á tagbára-tagbára, òwú ni yóò já, kì í ṣe ọrùn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Bídà

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi kọ́ ọ bí a ti ń wọkọ̀. Ọjọ́ kìíní, ẹsẹ̀ méjì péré ló gbé lé àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ fẹ́ mú ẹgba. Alhaji tó tà á fún mi kọ̀ fún wọn. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré: wọ́n mú ìyá ẹṣin kan gorí ọkọ̀ níṣojú rẹ̀, ó jẹ ewé ẹ̀pà gbígbẹ níbẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kẹta, Àjíkẹ́ tẹ̀ lé e wọlé. Ọjọ́ karùn-ún, òun nìkan gùn ún.

Ìrìn àjò

A ṣí lẹ́yìn ìrun àsùbáà kí oòrùn tó mú. Ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 37.9 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Awakọ̀ kò kọjá 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi Bídà mẹ́rin, torí ẹṣin a máa kọ omi tí òórùn rẹ̀ ṣàjèjì sí i. Bí wákàtí mẹ́ta bá ti pé, a ó dúró lábẹ́ igi, a ó fún un lómi, a ó sì jẹ́ kó sorí kọ́ sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ní Mokwa, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ikun eléruku jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, nítorí ohun tí dókítà sọ gan-an ni mo ń rí.

Ìlọrin la sùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn, ó jẹun. 38.2.

Ọjọ́ kejì le. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù dí ọ̀nà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, oòrùn sì mú. A ta tapólì láti fi ṣe ìbòòji, a fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Mo fi ìka méjì fa awọ ọrùn rẹ̀, ó padà lẹ́ẹ̀kan náà. Èrìgì rẹ̀ tutù, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Omi kò tíì wọ́n lára rẹ̀. Bí a ṣe kọjá Ọ̀yọ́ ni mo ń rò ó pé láti ìhà Núpé náà ni ẹṣin ti ń wọ ìlú yìí látijọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn, àti pé nínú igbó ìhà ìsàlẹ̀, àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé ló ń pa wọ́n.

A délé ní ìrọ̀lẹ́. 38.4. Koríko àti omi nìkan ló jẹ lóru yẹn, kò sí ọkà.

Ọjọ́ kẹta nílé

38.1 láàárọ̀ àná, 37.9 lónìí. Kò wúkọ́. Ibà ìrìn àjò lè má yọjú títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nítorí náà mò ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi pé. Ọjọ́ Túsìdeè ni dókítà ń bọ̀ wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti yẹ kòkòrò eṣinṣin yẹn wò. Mo ti ní kí káfíńtà má tíì tú àpótí náà.