Kẹ́ ẹ tó fún èèyàn ní skateboard àlòkù

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí bóòtù 8 tó de irin tó gbé táyà mọ́ pátákó téèyàn ń dúró lé, ibẹ̀ ló sábà máa ń sán. Ẹ fi ìdí pátákó (ẹ̀yìn ẹ̀) kan ilẹ̀: tó bá dún ko, ó ṣì le, tí ohùn ẹ̀ bá ti kú, ẹ jù ú nù.

Bíárìn (òrùka irin tó ń jẹ́ kí táyà yí) oníwọ̀n 608 ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń lò, méjì nínú táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ti mumi, ó ń ha gààrà bí ẹni lọ iyanrìn. Mo yọ ìdérí rọ́bà ẹ̀, mo ri bíárìn náà sínú ásítóònù (oògùn tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ẹ gbé iná jìnnà o!), ó gbẹ, mo kán òróró ẹ̀rọ ẹ̀kán kan sí i. Òróró ìdáná kọ́! Ìyẹn á lẹ̀, á kó eruku.

Nọ́ọ̀tì táyà, ẹ má fún un pa, kí táyà ṣì mì díẹ̀.