Ẹ̀bá Pápá ní Sheffield, Ẹ̀bá Pápá ní Pàkátà

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wọlé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Sheffield, ìlú olókè kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá gbé òkè Sóbí ti Ìlọrin síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní í tíì bọ́ bàtà tán tí àwọn ọmọ mi obìnrin méjèèjì á ti máa wá ìbọ̀sẹ̀ kiri ilé. Àṣàkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 13. Àyọ̀ká ni àbúrò, ọmọ ọdún 11. Bọ́ọ̀lù ni àwọn méjèèjì ń gbá. Èmi sì ni kóòṣì ẹgbẹ́ Àyọ̀ká, ó di ọdún mẹ́ta báyìí. Oorun di ẹ̀yìn ìrun Àìlà.

Kì í ṣe pé mo mọ bọ́ọ̀lù ju ẹlòmíràn lọ. Kóòṣì tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ló kó lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n bi àwa òbí tó dúró létí pápá pé ta ni yóò gbà á, gbogbo wa dorí kodò. Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú Àyọ̀ká ni mo bá pàdé. Bí mo ṣe gbà nìyẹn. Mo rò pé n ó kàn mú fèrè, n ó bẹ̀rẹ̀ ni. Rárá o. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ orúkọ mi wò nínú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, bóyá mo ti rú òfin rí, torí wọn kì í fi ọmọ ọlọ́mọ lé ẹni tí wọn kò yẹ̀ wò lọ́wọ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń dáàbò bo ọmọdé, mo kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, kí wọ́n tó kọ́ mi ní ohunkóhun nípa bọ́ọ̀lù. Ìlànà kan tún wà láti ọdún 2020 pé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi orí kan bọ́ọ̀lù nígbà ìgbáradì, nítorí ohun tó lè fà fún ọpọlọ wọn lọ́jọ́ iwájú. Èmi tí mo dàgbà ní Pàkátà, àdúgbò kan ní Ìlọrin, orí la fi ń mọ akin láàárín wa! Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní ìyẹn, mo rántí iye ìgbà tí ojú mi ti ṣú lórí pápá tí mo sì ń bá eré lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀ kì í ṣe koríko tí wọ́n gé tàbí àwọ̀n tó wà lẹ́nu góòlù. Àwọn òbí ni. Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ já etí èèyàn, wọ́n dúró. Bàbá, ìyá, ìyá àgbà tó jókòó lórí àga tó ṣeé ká, gbogbo wọn wá torí ọmọbìnrin tó jẹ́ pé bóyá ogún ìṣẹ́jú ni yóò fi wọ eré. Wọ́n a ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹ̀yìn okùn yẹn ni òbí ń dúró sí. Títí dé orí àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọn kì í gbé tábìlì líìgì jáde, kí àwọn àgbà má baà sọ eré ọmọdé di ogun.

Èmi náà sọ ọ́ di ogun ní sáà mi àkọ́kọ́. Mo ń pariwo: sáré, yà sọ́tùn-ún, gbá a sílẹ̀, dúró! Ọmọ ọdún 14 lè di rẹfirí níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún 15 lọ ló sì ń dárí eré lọ́jọ́ náà. Ó fọn fèrè, ó rìn wá bá mi, ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé àwọn ọmọ kò mọ ohùn tí wọn ó gbọ́ mọ́. Ojú tì mí. Ọmọ tí mo lè bí! Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń sọ nígbà tí eré bá ń lọ, oríkì ọmọ mi ni. Bí Àyọ̀ká bá gba bọ́ọ̀lù, "Àyọ̀ká!" Bí ó bá pàdánù rẹ̀, "Àyọ̀ká!" kan náà. Àwọn òbí òyìnbó tó kù gbọ́ ọ títí wọ́n fi ń bá mi ké e. Wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí mo fi ṣàlàyé pé ọmọ tí a ń yọ̀ yí ká là ń pè bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo lè fún ọmọ tirẹ̀ náà ní ọ̀kan. Mo pè é ní Àníkẹ́, ó sì ń jẹ́ ẹ dòní.

Ọ̀rọ̀ ìrun ni mo gbọ́dọ̀ sọ díẹ̀, torí òun ló ń darí ọjọ́ wa. Ní Ìlọrin, oòrùn mọ àkókò rẹ̀: láàárín aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ sí nǹkan bí aago méje ni Mọ̀gáríbì ń bọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Ní Sheffield, nínú oṣù Kejìlá, kò tíì tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn fi ń wọ̀. Nínú oṣù Kẹfà, ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá kù ogún ìṣẹ́jú. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbé ẹní ìrun sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn bọ́ọ̀lù. Ní ti ìborí, kò sẹ́ni tó dí àwọn ọmọ mi lọ́wọ́. Láti ọdún 2014 ni òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti gbà á láàyè, nígbà tó sì di 2023 ní Australia, Nouhaila Benzina ti Mòrókò wọ híjáàbù gbá bọ́ọ̀lù ní ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Òun lẹni àkọ́kọ́. Àṣàkẹ́ lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Oṣù Keje ọdún 2025 ni mo kó wọn lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. A kò tíì tú ẹrù tán tí àṣekágbá bọ́ọ̀lù obìnrin méjì fi tẹ̀lé ara wọn. Ní alẹ́ Sátidé ọjọ́ 26, Super Falcons, ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà, kojú Mòrókò ní Rabat fún ife Áfíríkà. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kojú Sípéènì ní Basel fún ife Yúróòpù. Orílẹ̀-èdè méjèèjì tí àwọn ọmọ mi ń pè ní tiwọn, ọjọ́ méjì péré!

Iná kò sí. Àbúrò mi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, a gbé tẹlifíṣọ̀n sí àárín agbo ilé, èrò kún. Mòrókò ti jẹ ayò méjì kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, ni àwọn ọkùnrin bá ń dìde níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ti mọ ibi tó ń lọ. Àwọn ọmọbìnrin ló ṣẹ́kù lórí ẹní, àti èmi àti àbúrò mi. Nígbà tí Esther Okoronkwo gbá pẹ̀nárítì wọlé, àwa díẹ̀ la hó. Folashade Ijamilusi jẹ èkejì, ariwo kọjá ògiri. Nígbà tí Jennifer Echegini jẹ ẹ̀kẹta ní ìṣẹ́jú 88, àwọn tó ti lọ sùn ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìró aṣọ. Ife kẹwàá nìyẹn fún Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pe Mọ̀gáríbì nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì wà nínú àfikún àkókò. A lọ kírun, a padà dé bá pẹ̀nárítì, Chloe Kelly ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé. Ọmọ aládùúgbò kan bi Àṣàkẹ́ pé, "Ẹ̀yin ti ta ni gan-an?" Ó ní, "Méjèèjì."

Ibi tí mo fẹ́ dé nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Àyọ̀ká béèrè pé pápá ibo ni àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù. N kò rí èsì fún un. Pápá wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí wa, òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ẹrẹ̀ pupa láàárín. Àwọn ọmọkùnrin ló ni ín láti Àlàásárì títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo lọ bẹ ọ̀gá wọn, ọmọ bíi ọdún 16, ó fún wa ní wákàtí kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́ta ló wá pẹ̀lú tèmi méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ti pé 17.

N kò gbọdọ̀ parọ́: àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mọ ohun tí àwọn ọmọ Sheffield kò mọ̀. Wọn kò ní rẹfirí, wọn kò sì wá a. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, wọ́n á jiyàn, wọ́n á búra, ọ̀rọ̀ á yanjú, eré á tẹ̀síwájú. Láìwọ bàtà, ọmọ kan ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá ènìyàn mẹ́ta bí ẹni ń gbálẹ̀. Àwọn ọmọ tèmi dúró, wọ́n ń wo ojú mi pé kí n fọn fèrè. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ mi kò tíì gbá bọ́ọ̀lù rí láìjẹ́ pé àgbàlagbà kan ló wa ọkọ̀ gbé wọn lọ, tó ka aago fún wọn, tó sì dá ẹjọ́ wọn. Ó dùn mí díẹ̀. Nígbà tí a fi máa kúrò, Àyọ̀ká ti mọ iyàn jà lórí pápá bí ọmọ Pàkátà, inú mi sì dùn sí i ju àmì ayò lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bá pápá ṣófo. Ọmọ 17, kò sí òbí kan. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Ẹni tó wà ní Ọjà Ọba láti àárọ̀ kò lè wá dúró wo bọ́ọ̀lù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ọmọkùnrin bá ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àdúgbò, a máa ń ráyè.

Bàbá kan wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àfáà ni. Ó dúró lókèèrè fún ìgbà pípẹ́ kó tó súnmọ́ mi. "Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Kí ni eléyìí máa fún ọmọbìnrin?" Mo sọ fún un pé àwọn òyìnbó náà béèrè bẹ́ẹ̀, pé ní 1921, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin lé àwọn obìnrin kúrò lórí pápá àwọn ẹgbẹ́ wọn, ó sì tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó gbé e kúrò, pé wọ́n ti pàdánù ìran méjì kí wọ́n tó mọ̀. Ó gbọ́, kò fèsì. Ó wo ìborí Àṣàkẹ́. Ó wá ní kí ọmọ òun máa wálé kí Mọ̀gáríbì tó tó, kó má sì fi pa kéwú jẹ. Mo ní, "Àfáà, mo gbà." Mo sì dúró lórí ẹ̀.

Ìyá mi ni n kò retí. Wọ́n ti sọ ní ọjọ́ tí a dé pé, "Àlàbí, o ò wa kọ́ wọn ní òwò?" Ohun tó gbé wọn dé pápá ni ewúrẹ́. Méjì nínú àwọn ọmọ náà máa ń kiri ọjà, wọ́n á gbé àtẹ ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí wọ́n tó wọ eré. Ewúrẹ́ jẹ tí ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ọmọ náà sunkún délé wa. Ìyá mi san owó ọjà náà fún ìyá ọmọ, wọ́n bú mi, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì wọ́n gbé àpótí ìjókòó, wọ́n wá ṣọ́ àtẹ.

Ọjọ́ méjì, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí pápá. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ẹlẹ́pà yẹn jẹ góòlù, mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn mi. Oríkì ilé bàbá ọmọ náà ni wọ́n ń kì, ìlà kan lórí ìkejì, orúkọ bàbá ńlá rẹ̀, ibi tí wọ́n ti wá kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Ìlọrin. Ọmọ náà dúró gbagidi lórí pápá, ó ń gbọ́. Oríkì àbísọ nìkan ni mo ní ní Sheffield, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìyá mi mọ ti gbogbo agbo ilé tó yí wa ká, wọ́n sì kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí àwọn ọmọkùnrin fi wá gba pápá wọn.

A padà ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin kan, tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ló gba fèrè lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, àwọn 17 di mẹ́sàn-án. Èmi náà padà sí ẹ̀yìn okùn mi nínú òtútù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohùn ìyá mi wọlé sórí WhatsApp lẹ́yìn Àsùbáà. Wọn kò kí mi dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àdúgbò kejì jẹ ayò mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa, pé aṣọ́lé ló ń fi ilé sílẹ̀ nígbà tí kò yẹ, pé ọwọ́ ló ń ro ó, kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ní kí n fi ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́, ti ọmọ ọdún 12, kó dé kí ọyẹ́ tó mú.