Ikùn Ẹ̀fọn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ẹ̀fọn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ba iṣẹ́ òwúrọ̀ kan jẹ́ ní abúlé kan lẹ́bàá Gwagwalada. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tá a ti ń tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri, tá a ń fi ọ̀pá onírọ́bà fa Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, tó na ìdí sókè sínú ife bébà. Ìyá onílé ń nawọ́ sí wọn, ó ń fi Hausa pe ẹ̀fọn: "Sauro! Ga sauro!" Ikùn wọn pupa bí ata rodo. Ọ̀gá mi ní kí n tẹ̀ wọ́n mọ́ bébà lọ́jọ́ náà, ká lè mọ̀ bóyá ènìyàn ni wọ́n mu tàbí màlúù. Ó rẹ̀ mí, iná ò sí, mo ní ó di ọ̀tunla. Nígbà tí mo máa ṣí ife, ikùn ti funfun. Ẹ̀jẹ̀ ti dà, ó ti di ẹyin.

Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ẹyin yẹn náà ni. Ó lè mu èyí tó wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Omi pupa tí ẹ máa ń rí tó ń kán nídìí rẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ ló ń tọ̀ dànù kí àyè lè gbà á sí i. Lẹ́yìn náà, ikùn rẹ̀ á fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé ẹ̀jẹ̀ náà bí ewé ṣe ń wé mọ́ínmọ́ín. Kòkòrò ibà gbọ́dọ̀ já awọ yẹn láàárín bí ọjọ́ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikùn ẹ̀fọn á lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ. Ó tún tó ọjọ́ 10 sí 14 kó tó dé inú itọ́ ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn púpọ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ẹrù ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń mú un fara ti ògiri, ìdí nìyẹn tá a fi ń fín oògùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Garki, tó wà ní Jigawa báyìí, nínú iṣẹ́ ìwádìí ibà tó wáyé láàárín 1969 sí 1976, wọ́n fín ilé, wọ́n pín oògùn ibà fáwọn ènìyàn, ibà dínkù, kò tán. Lára ohun tó fà á ni ẹ̀fọn tó ń jẹun nínú ilé, tó ń lọ sinmi níta.

Ohun tó wù mí jù báyìí ni tyrosine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di protein. Ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi pé bí ẹ̀fọn kò bá rí i tú ká, á pa á. Nitisinone, oògùn àìsàn àbínibí kan, ń dí ọ̀nà tí ẹ̀fọn fi ń tú u ká: ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó lò ó á kú, ì báà sinmi sórí igi.

Ẹ kọ aago tí ẹ kó wọn sára ife. Orúkọ abúlé nìkan ni mo kọ lọ́jọ́ yẹn.