Tábà ni o, kì í ṣe májèlé: ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun

Asalamu alaikum o, ẹ̀yin èèyàn mi. Alhamdulillahi. Mo wá dúpẹ́ ni. Ó ti yẹ kí n wá tipẹ́ àmọ́ iṣẹ́ oko ò jẹ́ kí n rójú. Ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀, torí ọpẹ́ mi pé méjì: Ọlọ́hun dá ẹ̀mí mi sí, Ọlọ́hun ò sì jẹ́ kí wọ́n torí mi ba ìyáálé mi lórúkọ jẹ́. Ìkejì yìí gan-an ló máa ń jẹ́ kí omi bọ́ lójú mi tí mo bá rántí.

Òkè-Ògùn la wà, lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa á mọ̀ pé yàtọ̀ sí aṣọ òkè, tábà lọ̀pọ̀ ilé fi ń rán ọmọ níléèwé láti ayé àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n ní ìlú tèmi, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ la mọ̀, ilé ọkọ ni mo ti bá tábà pàdé. Àwa mẹ́rin la jọ ń já ewé láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, èmi, ìyáálé mi, àbúrò ọkọ mi tí mo ń pè ní Akọ̀wé, àti ọmọkùnrin alágbàṣe kan. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi wà lórí gbogbo ewé, kí oòrùn tó yọ aṣọ wa ti rin gbingbin. Ìsàlẹ̀ lèèyàn ti ń já tábà, èyí tó bá ti gbó, téèyàn bá já a tán á kó o sábẹ́ apá, á há a mọ́ra títí á fi di ẹrù, gbogbo omi ara ewé yẹn, ara ẹni ló ń ṣàn sí. Oje rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á dúdú bí ọ̀dà, ọṣẹ ò ràn án, téèyàn bá fi ọwọ́ yẹn jẹ ẹ̀bà, kíkorò ni.

Ìyáálé mi ló gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá sóko. Tèmi wà lọ́tọ̀ torí mi ò lè jẹ ata. Ẹ fi èyí sọ́kàn o.

Kó tó di ọ̀sán orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi, itọ́ ń dà lẹ́nu mi ṣáá, òógùn tútù bò mí. Mo ní kí n jókòó sábẹ́ igi ni èébì bá gbé mi, mo bì títí ó fi ku omi kíkorò nìkan, inú ń lọ́ mi, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, àyà mi ń lù kìkì. Akọ̀wé gbé mi sórí ọ̀kadà, alágbàṣe dì mí mú látẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ la ṣe délé.

Ilé ni ọ̀rọ̀ ti wá di nǹkan míì. Ẹni àkọ́kọ́ ní oyún ni, ẹnì kejì ní ibà ni. Ni màámi, ìyá ọkọ mi, bá la ohùn: “Àwọn mẹ́rin ló jọ lọ sóko, wọ́n jọ já ewé kan náà, kí ló dé tó jẹ́ ìyàwó kékeré nìkan ló ṣubú? Ta ló gbé oúnjẹ fún un?” Ká sòótọ́, ìbéèrè yẹn jọ ìbéèrè gidi. Tó bá jẹ́ oko ló ṣe mí, kí ló dé tí kò ṣe wọ́n? Wọ́n rọ epo pupa sí mi lẹ́nu, mo tún bì í. Àǹtí ọkọ mi kan ti ń pariwo mọ́ ìyáálé mi, ó ní kó jẹ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ bá ilé, obìnrin yẹn kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè dáhùn, èmi náà ò lè sọ̀rọ̀ gbè é, àmọ́ mò ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ọlọ́hun ló ní kí ọkọ wa sọ pé ọsibítù ni òun ń gbé mi lọ, ẹjọ́ á dúró. Ìyáálé mi náà tẹ̀lé wa, ó ní òun ò ní sá. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan la bá, kò tíì fọwọ́ kàn mí tó fi béèrè irú iṣẹ́ tí mo ṣe láàárọ̀, òórùn tábà ló gbọ́ lára mi. Ẹ wò ó, bùláòsì tí mo wọ̀ lọ sóko, tó tutù, ló ṣì wà lára mi! Ó ní, “Ẹ bọ́ aṣọ yẹn kíákíá, ara ẹ̀ ṣì ń fà á mu!” Wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ mí, wọ́n fa dírípù sí mi lára, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró. Wọ́n yẹ̀ mí wò, kò sóyún, kò síbà. Wọ́n béèrè bóyá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn kòkòrò, torí àwọn èèyàn máa ń ṣi irú àìsàn tábà yìí mú fún ìyẹn, a ní rárá.

Ni nọ́ọ̀sì bá ní ta ló ń mu sìgá nínú àwa tá a jọ lọ. Akọ̀wé ní òun ni. Ó kọjú sí ìyáálé mi, “Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́?” Ìyáálé mi wolẹ̀, ó pẹ́ kó tó dáhùn pé òun máa ń fi aṣáà sẹ́nu, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ọkọ wa lanu, kò mọ̀ rí! Ẹ sì mọ ẹni tó kọ́ ọ? Màámi tó ń pariwo májèlé nílé náà ni.

Dókítà wá ṣàlàyé fún wa. Nicotine inú tábà máa ń yọ́ sínú omi, ìyẹn òjò, ìrì, òógùn pàápàá, á sì gba awọ ara wọlé. Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń fi aṣáà sẹ́nu lójoojúmọ́, nǹkan yẹn ti mọ́ ọpọlọ rẹ̀ lára, ìwọ̀n tó ń gbé elòmíì ṣubú kì í mì í. Àwọn òyìnbó ń pè é ní green tobacco sickness, láti 1970 ni wọ́n ti kọ nípa ẹ̀ ní Florida, ní 1992 sì rèé ọ̀pọ̀ tó ń kórè tábà ní Kentucky ló ya wọ ọsibítù torí ẹ̀. Òyìnbó náà ń bì í, kì í ṣe ayé ìyáálé.

Mo ní alágbàṣe ńkọ́, tí kì í mu sìgá tí kì í fi aṣáà sẹ́nu? Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀dọ̀ ló kù. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tó ń fọ́ nicotine túútúú, CYP2A6 lorúkọ ẹ̀, bí a ṣe bí kálukú ló ṣe ní tiẹ̀, ti ẹnì kan yára, ti ẹlòmíì ń fà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nǹkan bíi wákàtí 2 ni ìdajì nicotine á ti lọ nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ tí ẹ̀dọ̀ bá ń falẹ̀ ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alágbàṣe yẹn tún tóbi ju èmi lọ dáadáa. Ó ní kí n má sọ pé torí mo jẹ́ obìnrin ni o, torí tá a bá kó gbogbo èèyàn pọ̀, ara obìnrin ló ń yára fọ́ ọ ju ti ọkùnrin lọ, ti aláboyún tún yára jùyẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan á fi mu sìgá kan ṣoṣo tí ilé á máa yí lójú ẹ̀, tí ẹlòmíì á mu páálí kan tí kò ní mira.

Akọ̀wé wá ń yọ̀, sìgá gba òun! Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé tábà lè pa tó ìdajì àwọn tí ò bá jáwọ́ nínú ẹ̀, pé kò gbé e ṣubú lóko kò ní kó má ṣe ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Ikọ́ ẹ̀ lóru, èmi tí mo wà ní yàrá kejì ni kẹ́ ẹ bi.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, mo ti ń mu ògì. Màámi ò sọ pé ẹ jọ̀ọ́ o, àgbà Yorùbá! Àmọ́ lọ́jọ́ ọjà, ó ra ankárá fún ìyáálé mi, àǹtí tó pariwo yẹn sì ti mọ̀ pé kò yẹ kóun gba ilé wa kọjá láìkí i. Ní báyìí a kì í wọ oko títí ìrì á fi gbẹ, tójò bá rọ̀ a jókòó, mò ń wọ kóòtù òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tí mo bá délé aṣọ ni mo kọ́kọ́ ń bọ́ kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ò bá wa já ewé mọ́, ara wọn kéré jù fún un, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ìyáálé mi ń gbìyànjú láti fi aṣáà sílẹ̀, kò rọrùn fún un rárá, ẹ bá mi ṣàdúà fún un.

Jímọ̀ yìí la fẹ́ ṣe sàráà, ẹni tó bá wà nítòsí kó yà. Ìyáálé mi ló ń sè é. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn.