Ààlà tí ó gba àárín ìka mi kọjá

Kétu, ọjọ́ Àìkú, lálẹ́

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní àárọ̀ àná kí n tó mọ̀ pé ara mi ni ó ń jó. Mò ń lọ ṣòkòtò kakí ọmọ ilé ìwé kan ní ilé ìránṣọ mi, ní ọ̀nà Àkàbà Ìdénà, ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi sì fara ti irin ìlọṣọ ẹlẹ́yinná títí awọ rẹ̀ fi bó, láìjẹ́ pé mo mọ nǹkan kan lára. Ó ti tó oṣù kan tí ìka náà ti ń kú, ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń di àlùmọ́gàjí mú.

Ọmọ àbúrò ìyá mi, tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́, ni ó wá kí wa. Mo sọ fún un pé àìsàn ọkàn ni mo ń bẹ̀rù, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ apá òsì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ẹ dijú.” Ó já òwú díẹ̀, ó sì ń fi kàn mí láti èjìká wá sísàlẹ̀, ibi tí n kò bá ti dá a lóhùn, ó ń fi ẹfun tí mo fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà yí i ká. Nígbà tí mo lajú, ìlà kan gba àárín ìka tí a ń fi òrùka sí lọ tààrà: ìdajì rẹ̀ yè, ìdajì rẹ̀ kú. Kò sí aránṣọ tí yóò rán ègé méjì pọ̀ níbẹ̀.

Iṣan ni a ń pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni a ń pe èyí tí ó ń fa apá sókè, iṣan náà ni a tún ń pe èyí tí ó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Ìkẹta yìí ni mò ń sọ. Ọrùn ni ọ̀pọ̀ iṣan apá ti ń jáde, wọ́n á lọ́ mọ́ra bí òwú, wọ́n á gba abíyá, kí wọ́n tó pín awọ láàárín ara wọn. Mo ti rò pé awọ apá rí bí apá bùbá, ègé kan ṣoṣo tí a ká pọ̀. Àṣé ègé púpọ̀ ni. Ìta èjìká ní tirẹ̀. Iṣan tí ó yí egungun apá po ni ó ni ẹ̀yìn apá títí dé ẹ̀yìn àtàǹpàkò. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni inú apá lẹ́bàá abíyá: iṣan tibẹ̀ kò ti ọrùn wá rárá, àárín egungun ìhà kejì àti ìkẹta ni ó ti yọ, ibi tí ó sì ń gbà wọ ọ̀pá ẹ̀yìn ni ìròyìn ọkàn náà ń gbà, tí ìrora ọkàn fi lè dà bí ẹni pé inú apá ni ó wà.

Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀: iṣan kan ṣoṣo ni ó ni ìka ọmọńdinrín àti ìdajì ìka òrùka, ibi tí nǹkan ti fún un pa ni a sì ń wá. Awọ inú apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ní ọ̀kánkán ìka ọmọńdinrín gan-an, gbọ́ òwú dáadáa, nítorí pé iṣan tirẹ̀ ti yà lọ láti abíyá. Bí ó bá jẹ́ pé ọrùn ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ náà kú. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi níhà ọmọńdinrín sì kú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka tí ó lọ síbẹ̀ kì í dé ọrùn ọwọ́ kí ó tó yà. Ìgbọ̀nwọ́ ni ó kù, ẹ̀yìn egungun tí a máa ń fi gbá nǹkan tí ara á sì ta gìrì dé ìka. Òun gan-an ni mo ń fi gún orí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́. Nọ́ọ̀sì wa tẹ ibẹ̀ wò bóyá iṣan náà ti wú, nítorí pé àrùn ẹ̀tẹ̀ a máa mú un wú. Kò wú.

Ó sọ fún mi nípa dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Head, tí ó ní kí wọ́n gé iṣan awọ apá òsì òun fúnra rẹ̀ ní ọdún 1903, kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, W. H. R. Rivers, lè máa wo bí ìmọ̀lára yóò ṣe padà. Òwú ni àwọn náà lò. Mo ní irú ọkàn wo nìyẹn! Iṣan tí a gé a máa hù ní nǹkan bíi mìlímítà 1 lóòjọ́; tèmi ni a kàn fún pa.

Ó ti padà sí Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án yìí. Ó ní n kò gbọdọ̀ ká apá sùn, kí n sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹran ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ́bàá àtàǹpàkò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jìn. Mo ti fi àkísà wé ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo ti fọ ẹfun náà kúrò, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fi èékánná wá ojú ààlà lórí ìka òrùka, mo sì ń bá a níbi tí ó fi í sí.